Níbo Ni Ohùn Dúró Sí?

Nínú gbogbo ẹjọ́ tí àwọn tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, máa ń gbé wá bá mi, ti ohùn ló pọ̀ jù. "Ẹ̀gbọ́n, mo ṣe upgrade lálẹ́ àná, kọ̀ǹpútà mi ò dún mọ́ o." Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ó ń ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wo fídíò iṣẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe ẹni tó ní ìpàdé orí Zoom pẹ̀lú ọ̀gá tó wà lókè òkun, ó sì ń ṣe èmi náà tí mo máa ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, tí mo sì máa ń jókòó tì í lóru láti kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé. Àwòrán ń yọ, íntánẹ́ẹ̀tì ń sáré, ohun gbogbo wà nípò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti panu mọ́.

Bí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti ṣe sí i, àlàyé wọn a máa gùn. Wọ́n ti pa á, wọ́n ti tún un tàn. Wọ́n ti yọ PulseAudio, ètò tó ń bójú tó ohùn, kúrò, wọ́n ti dá a padà. Wọ́n ti da àṣẹ tí ẹnì kan kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2012 sínú terminal, ojú ibi tí a ń kọ àṣẹ sí, wọ́n ti fi "sudo", ọ̀rọ̀ tó ń fúnni ní agbára alábòójútó, ṣáájú ohun tí kò yẹ kí sudo débẹ̀. Nígbà tí wọ́n á fi pè mí, àìsàn kan ti di mẹ́ta. Mo mọ ohun tó ń fà á. Ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ máa ń ká ènìyàn lára ju àṣìṣe tó bá yọ lójú lọ. Bí ètò kan bá kọ̀ tí kò ṣí, ó kéré tán, á sọ nǹkan kan. Ohùn tó bá lọ kì í dágbére. Inú á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí ènìyàn, bẹ́ẹ̀ òkò àbínújù kì í pẹyẹ.

Ohun tí mo dìrọ̀ mọ́ ni pé kí ènìyàn tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó kọ́kọ́ wádìí ibi tí ohùn dúró sí. Bí omi bá dá nílé, ẹni tó mọ ilé kì í kọ́kọ́ tú ẹnu ẹ̀rọ; á wo kànga, á wo pọ́ńpù, á wo táńkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nínú Linux. Firefox tàbí VLC ló máa ń mú un wá. Á fà á lé PipeWire, ètò tó ń pín ohùn, lọ́wọ́. WirePlumber ló máa pinnu bóyá sípíkà ló ń lọ ni, tàbí íàpíìsì, tàbí tẹlifíṣọ̀n tí a fi wáyà HDMI so mọ́ ọn. ALSA tó wà nínú kernel (ọkàn Linux) á gbà á, driver (ètò tó mọ èdè ẹ̀rọ kan) á bá ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ni etí wa á tó gbọ́ ọ. Bí ẹnì kan péré nínú wọn bá kọ̀ṣẹ́, ohun tí a máa rí kò yàtọ̀: ẹ̀rọ dákẹ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn tó wo ti aládùúgbò yín fi lè má ran tiyín.

Ó yẹ kí n sọ bí ọwọ́ wọ̀nyí ṣe di púpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ìgbéga (upgrade) ti ń wá. Hannu Savolainen, ọmọ ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ ètò ohùn àkọ́kọ́ tí Linux lò dáadáa, ní 1992. OSS ni wọ́n wá ń pè é. Ní 1998, Jaroslav Kysela láti ilẹ̀ Czech bẹ̀rẹ̀ ALSA, ó sì wà nínú Linux 2.6 tó jáde ní December 2003. Lórí ọ̀pọ̀ káàdì ayé ìgbà náà, bí ètò kan bá ti di ohùn mú, òmíràn ò lè rí i lò àfi kó dúró. Lennart Poettering bẹ̀rẹ̀ PulseAudio ní 2004 kí gbogbo ètò lè jọ máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Ubuntu, ọ̀kan lára oríṣiríṣi Linux bíi Fedora àti Debian, gbà á wọlé nínú ẹ̀dà 8.04, ní April 2008, ariwo pọ̀. Nígbà tó yá, PulseAudio tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo apá kan lára àwọn driver tí ẹnikẹ́ni ò lò tó bẹ́ẹ̀ rí, àwọn àléébù tó ti sùn síbẹ̀ wá jí. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Wim Taymans ti ilé-iṣẹ́ Red Hat gbé PipeWire dé. Fedora 34 ló kọ́kọ́ fi í sípò PulseAudio ní 2021, Ubuntu ṣe bẹ́ẹ̀ ní 22.10, Debian 12 náà tẹ̀ lé wọn lórí GNOME (ètò tó ń ṣe ojú kọ̀ǹpútà) ní 2023.

Ẹ wá wo ẹni tó ń lo Ubuntu 22.04, tó rọra dúró títí 24.04 fi dé, tó wá fò sórí rẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Kì í ṣe kernel nìkan ló pààrọ̀. Ó sùn pẹ̀lú PulseAudio, ó jí pẹ̀lú PipeWire, ètò ohùn rẹ̀ sì ti di ti ẹlòmíràn láìjẹ́ pé ẹnì kankan bi í. Ìmọ̀ràn tí ó ti há sórí, `pulseaudio -k`, kò ní nǹkan tó ń ṣe mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó lo ìmọ̀ràn kankan lórí ohùn Linux, ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tọ̀nà nígbà tiwọn, ìgbà ló kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ rojọ́ rẹ̀ kúnná, nítorí ó yí bí mo ṣe ń wo ọ̀ràn yìí padà. Bàbá kan wà ní Ìbàdàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú wọn ò ríran láti ọdún pípẹ́. Linux ni wọ́n ń lò. Orca, ètò tí ń ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè, ló ń ka ìwé ìròyìn fún wọn, ló ń ka lẹ́tà àwọn ọmọ wọn tó wà ní ẹ̀yìn odi, òun náà ló ń ka ohun tí wọ́n ń kọ fún wọn bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni fóònù mi dún.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ẹ̀rọ yìí ti yadi mọ́ mi lọ́wọ́ o."

Wọ́n ń gbé e láti 22.04 sí 24.04 ni iná lọ. Laptop tokunbo ni, bátìrì rẹ̀ ò sì lágbára mọ́, ó kú kí iṣẹ́ tó parí. Nígbà tí iná dé, wọ́n tàn án, kò sì fọhùn. Fún èmi àti ẹ̀yin, ìyẹn túmọ̀ sí pé orin ò ní dún. Fún Bàbá, ojú kọ̀ǹpútà ló fọ́. Wọn ò mọ̀ bóyá ó ti wọlé, wọn ò mọ̀ bóyá ó ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù, wọn ò sì lè ka àlàyé tí mo bá fi ránṣẹ́, nítorí ẹ̀rọ tó yẹ kó kà á ló ń ṣàìsàn.

Ọmọ-ọmọ wọn obìnrin kan wà nílé, tí kò tíì jáde ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá ń tẹ̀, ọmọ ń kà, èmi ń gbọ́ lórí fóònù. Wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ Ctrl, Alt àti T, wọ́n kọ `aplay -l` láìṣi lẹ́tà kan tẹ̀. Ọmọ náà ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan: "No... sound... cards... found. Sà, ó parí síbẹ̀."

Ara mi balẹ̀ díẹ̀ bí mo ṣe gbọ́ ọ. Bí `aplay -l` bá ní òun ò rí káàdì kankan, a jẹ́ pé kernel fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ohùn wà. PipeWire ò jẹ̀bi, Firefox ò jẹ̀bi, bọ́tìnnì tí a fi ń gbé ohùn sókè ò jẹ̀bi. Ìdajì ọ̀nà ti bọ́ kúrò nínú ohun tí a ń wá.

Mo ní kí wọ́n kọ `lspci -nnk | grep -A3 Audio`. Àmì ìlà òró yẹn gba àsìkò, nítorí kíbọọ̀dù London ni ti laptop wọn, ẹ̀gbẹ́ Shift ọwọ́ òsì ló wà, kò sí lókè Enter níbi tí mo kọ́kọ́ ń júwe. Ọmọ náà kà á: Audio device, Intel Corporation, Subsystem. Mo bi í bóyá ó rí ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Kernel driver in use". Kò rí i. Ẹ̀rọ ohùn wà lórí bọ́ọ̀dù, kò kú, kò já, àmọ́ kò sí driver kankan tó gbà á mọ́ra. Mo tún béèrè Wi-Fi. Kò sí ìyẹn náà. Bí ohùn àti Wi-Fi bá bá ara wọn lọ lọ́jọ́ kan náà lórí Ubuntu, ibì kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ fura sí: Ubuntu pín àwọn driver kernel rẹ̀ sí pákéèjì méjì, àwọn driver ohùn àti ọ̀pọ̀ nínú ti Wi-Fi sì wà nínú ìkejì, èyí tó ń jẹ́ linux-modules-extra. Iná tó lọ ti jẹ́ kí kernel tuntun wọlé láìsí ìkejì yẹn.

Kernel àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ẹrù rẹ̀ sì pé. Wọ́n tún ẹ̀rọ tàn, ọmọ náà sọ fún wọn ìgbà tí àtẹ GRUB, níbi tí a ti ń yan kernel, yọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí "Advanced options for Ubuntu", wọ́n yan èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré. A dúró. Mo gbọ́ ọ láti inú fóònù, ohùn rọ́bọ́ọ̀tì yẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé kò dùn ún gbọ́: "Screen reader on."

"Ó ti lanu!" ni Bàbá wí. Wọ́n ní kí ọmọ náà máa lọ ṣeré.

Ìyókù, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ṣe é, Orca ń kà á fún wọn bó ṣe ń lọ. `sudo dpkg --configure -a` láti parí ohun tó dúró lágbede méjì, `sudo apt --fix-broken install`, lẹ́yìn náà `sudo apt full-upgrade`, àti `sudo apt install linux-generic` tó ń fa kernel tuntun àti pákéèjì kejì rẹ̀ wọlé pọ̀. Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nírú ipò yìí kó ṣọ́ra fún ohun kan: ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn á ní kí ẹ kọ `linux-modules-extra-$(uname -r)`. Bí ẹ bá wà lórí kernel àtijọ́, orúkọ àtijọ́ ni `uname -r` máa dá padà, ti tuntun ò sì ní rí ohun tó ń wá.

Ká ní òkè la ti bẹ̀rẹ̀, ká ní a ti ń yọ PipeWire, tí a ń pa àwọn fáìlì ètò rẹ́, ilẹ̀ ìbá ṣú bá wa níbẹ̀, dátà ìbá jó tán, kò sì sí ohun tí ìbá yí padà.

Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í jìn tó ti Bàbá. Bí `aplay -l` bá dárúkọ káàdì yín, ẹ gun òkè díẹ̀. Ẹ kọ `speaker-test -c 2 -t wav`. Bí ohùn obìnrin kan bá ń sọ "Front Left, Front Right", ohùn ń jáde, ètò tí ẹ ń lò ni kí ẹ lọ bá. Bí kò bá fọhùn, ẹ ṣí `alsamixer`, ẹ tẹ F6, kí ẹ yan káàdì tòótọ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan. Níbi tí MM bá wà, wọ́n ti dí i lẹ́nu. Ẹ tẹ M kó di OO. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ Auto-Mute sí pẹ̀lú. Nígbà mìíràn, ẹ̀rọ á rò pé íàpíìsì wà lẹ́nu ihò rẹ̀, á sì pa sípíkà lẹ́nu mọ́. Mo ti rí i lára laptop tí eruku ti kún ihò íàpíìsì rẹ̀.

"Dummy Output" tí ẹ máa ń rí nínú Settings ń dẹ́rù bani ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tí PipeWire ń sọ ni pé òun wà láàyè, òun ò kàn rí ibi tí òun máa gbé ohùn lọ. Bí káàdì bá wà nísàlẹ̀ tí Dummy Output sì wà lókè, WirePlumber ni kí ẹ lọ bẹ̀ wò. PipeWire fúnra rẹ̀ kì í pinnu ẹni tó máa so mọ́ ẹni. Iṣẹ́ WirePlumber nìyẹn. Lórí 22.04, níbi tí PipeWire ti wà ṣùgbọ́n tí kì í ṣe òun ló ń gbé ohùn, ètò mìíràn tó ń jẹ́ pipewire-media-session ló wà nípò yẹn. Bí pàṣípààrọ̀ wọn ò bá lọ déédéé, PipeWire á máa ṣiṣẹ́ láìsí ẹni tó ń darí rẹ̀. Ẹ kọ `systemctl --user status pipewire pipewire-pulse wireplumber`, láìfi sudo ṣáájú, nítorí tiyín ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti root, alábòójútó ẹ̀rọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ní "active (running)", `wpctl status` á fi ibi tí ohùn ń lọ hàn yín, pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ níwájú èyí tó ń lò lọ́wọ́. Bí ìràwọ̀ bá wà níwájú HDMI, tẹlifíṣọ̀n tí kò sí nílé ni kọ̀ǹpútà ń bá sọ̀rọ̀. `wpctl set-default` pẹ̀lú nọ́ńbà sípíkà ti tó.

Àwọn laptop tuntun ní tiwọn lọ́tọ̀. Ẹ̀rọ ohùn inú ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lo Intel nílò firmware (ètò kékeré tí a ń kó sínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀) kan tí wọ́n ń pè ní Sound Open Firmware kó tó lè dìde. `sudo dmesg | grep sof` á sọ bóyá fáìlì rẹ̀ ò sí. Lórí Debian, ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé nígbà tí Debian 12 jáde ní June 2023, wọ́n ti kó firmware kúrò nínú non-free lọ sínú apá tuntun tó ń jẹ́ non-free-firmware. Ẹni tó gbéra láti Debian 11 tí kò fi orúkọ apá tuntun yẹn kún sources.list rẹ̀ (àkọsílẹ̀ ibi tí apt ti ń gba ètò), firmware rẹ̀ á dúró sójú kan nígbà tí kernel ń lọ síwájú. Wọ́n kọ ọ́ sínú àlàyé ìjáde (release notes) Debian 12. Àlàyé ìjáde yẹn ni ìwé tí mo máa ń bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n kà ṣáájú ìgbéga, àwọn tó sì ń kà á ò pọ̀.

Ó ń dùn mí pé a ṣì ń ka ohùn sí fàájì. Bí ìgbéga kan bá mú kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, kíá ni gbogbo ayé á ti gbọ́, tí wọ́n á sì dá ìjáde náà dúró. Bí ohùn bá lọ, a ó ní kí ènìyàn fara dà á. Ṣùgbọ́n fún àwọn bíi Bàbá, kò sí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Àwọn kan mọ èyí. Ẹ wo ẹ̀rọ ìgbékalẹ̀ Debian: ó máa ń dún "bíìpù" nígbà tí àtẹ rẹ̀ bá yọ, kí ẹni tí kò ríran lè mọ̀ pé àsìkò tó láti tẹ "s" àti Enter, lẹ́yìn èyí ni yóò máa ka gbogbo ìgbésẹ̀ sókè. Ẹni tó ronú kan bíìpù yẹn ti ronú kan ènìyàn gidi. Mo fẹ́ kí ètò ìgbéga náà ní irú rẹ̀: kó dán ohùn wò kó tó kó kernel àtijọ́ dànù, kó sì bi wá bóyá a gbọ́.

Títí di ìgbà náà, ohun tí mo ń ṣe fún Bàbá àti fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí nìyí. Kí ìgbéga tó bẹ̀rẹ̀, mo máa ń fi ìjáde tuntun náà sórí flash, màá fi tan kọ̀ǹpútà láìfi ohunkóhun sórí dísìkì rẹ̀, màá tẹ Super, Alt àti S kí Orca jí. Bí ó bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kernel tuntun mọ káàdì náà nìyẹn. Bí kò bá sọ̀rọ̀, a ò tíì pàdánù ohunkóhun, a ó dúró. Lẹ́yìn náà, bátìrì gbọ́dọ̀ kún, jẹnẹrétọ̀ tàbí inverter gbọ́dọ̀ wà nítòsí, mi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n ṣe `apt autoremove` títí kernel tuntun á fi sọ̀rọ̀ létí wa.

Bí ẹ bá sì ti wà nínú rẹ̀, tí ẹ fẹ́ kí ẹlòmíràn bá yín wò ó, ẹ kọ `alsa-info --no-upload`. Á kó orúkọ káàdì, kernel, driver àti ipò gbogbo òpó inú alsamixer jọ sínú fáìlì kan nínú /tmp. Ẹ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ìjáde tí ẹ ti kúrò àti èyí tí ẹ bọ́ sí, kí ẹ sì sọ gbogbo àṣẹ tí ẹ ti tẹ̀ ṣáájú, láìfi ọ̀kan pamọ́.